Ọkọ̀ Márùn-ún Ni Òfin Mọ̀

Tírélà tó bá gbé sìmẹ́ńtì ní Ọbájánà, tó gba Kàbà àti Ìkàrẹ́ wá, Ọ̀wọ̀ ni yóò já sí kó tó kọjú sí Àkúrẹ́. Èyí tó ń ti Benin bọ̀ yóò la Ìfọ́n kọjá nílẹ̀ Ọ̀sẹ́, Ọ̀wọ̀ náà ni yóò sì já sí. Agbégilódò tó di gẹdú láti igbó ìjọba, tánkà epo, tipa oníyanrìn, ọkọ̀ iṣu àti ẹ̀wà láti Òkè Ọya, oríta kan náà ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Ta ló yẹ kó jẹ́rìí sí i pé àwọn tó ni ọkọ̀ wọ̀nyí ń tọ́jú wọn bó ṣe yẹ? Òfin ti ní ìdáhùn sí i láti ọdún 2007, àmọ́ ìdáhùn náà kì í dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba ọ̀nà yìí.

Bí ẹ̀ṣọ́ bá dá awakọ̀ dúró, láísẹ́ǹsì, ìwé ọkọ̀ àti ìwé pé ọkọ̀ náà ṣì yẹ lójú pópó, èyí tí àwọn fí-áì-ó (VIO), òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ń buwọ́ lù, ni yóò nà sí wọn. Awakọ̀ ni ti àkọ́kọ́ ń jẹ́rìí sí, àwọn yòókù ń jẹ́rìí sí irin. Kò sí èyí tó bi olówó ọkọ̀ léèrè ẹni tó ń yẹ bíréèkì wò kí ọkọ̀ tó jáde, wákàtí mélòó tí awakọ̀ ti lò nídìí ọkọ̀, àti ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ táyà kẹ́yìn. Àlàfo yìí ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, fẹ́ dí nígbà tó gbé ètò tí wọ́n ń pè ní RTSSS kalẹ̀ lọ́dún 2007. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dá ẹ̀ka ààbò sílẹ̀, kó fi ẹni tó mọṣẹ́ ṣe olórí rẹ̀, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà, kí àjọ sì wá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ìlànà ìrìnnà ọdún 2012 tún fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ yìí sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ Ẹ̀rúṣú Àkókó, lókè Ọ̀wọ̀ níbẹ̀, ni Olú Agúnlóyè tó kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá àgbà rẹ̀. Kì í ṣe àjèjì ló gbé iṣẹ́ náà dé agbègbè yìí.

Ọ̀gá ètò ààbò tí òfin sọ pé kí ilé-iṣẹ́ yàn ni òpó gbogbo ètò RTSSS. Òun ló ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀: ọkọ̀ wo ló lọ síbi àtúnṣe, awakọ̀ wo ló lọ yẹ ojú wò, ta ló ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin láì sinmi, ìjàm̀bá wo ló ṣẹlẹ̀ àti kí ló fà á. Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wo ojú ọ̀gá tó ń sanwó oṣù fún un, kó ní, "Ọkọ̀ yìí kò níí jáde lónìí." Ẹrù ti wà lórí ọkọ̀, oníbàárà ti ń pe fóònù. Níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà ní ìtumọ̀. Níbi tó jẹ́ pé nítorí ìwé nìkan ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́, ara ògiri ni ìwé náà wà.

Iná àti ikú ló sì ń mú kí ìlànà yí padà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2015, tánkà kan tí bíréèkì rẹ̀ já ní Onitsha ya wọ gáréèjì, ó sì gbiná. Ènìyàn tó ju ọgọ́ta lọ ló kú. Ọdún yẹn náà ni FRSC àtàwọn ẹgbẹ́ tó wà nídìí epo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ tánkà wò ní díípò kó tó gba epo. Èyí tí kò bá yege kò ní gba epo. Nígbà tó di ọdún 2017, wọ́n mú un ní dandan fún ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù láti ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin gbà fún tírélà àti tánkà lójú títì gbọọrọ, 60 lórí títì ọlọ́nà méjì, 45 láàárín ìlú. Ẹ lọ wo tírélà tó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ Ọ̀wọ̀ lóru, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá 50 ló ń sá. Lẹ́yìn iná tánkà tó pa èrò rẹpẹtẹ ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àti èyí tó tẹ̀ lé e nítòsí Suleja ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò epo ní tánkà tó lè gbà ju 60,000 lítà lọ kò gbọdọ̀ gba epo mọ́ láti oṣù Kẹta ọdún 2025.

Epo ni gbogbo èyí dojú kọ jù. Àwọn ará ibí sì mọ̀ pé kì í ṣe epo nìkan ló ń pani. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2021, tírélà elésìmẹ́ńtì kan ya kúrò lójú títì ní Àkùngbá Àkókó, ó wọ àárín àwọn ìsọ̀ tó wà lẹ́bàá Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú.

Ilé-iṣẹ́ ńlá, ó kéré tán, òfin mọ ilé rẹ̀. Ta ni òfin mọ̀ nínú àwọn agbégilódò? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan tó ní ọkọ̀ kan tàbí méjì, tó gbé e fún awakọ̀ pé kó máa mú owó wá. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́, mọ́tò-bọ́ì ni yóò bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì láti fi gbé táyà ẹ̀yìn ró. Mọ́tò-bọ́ì yẹn ni ẹ̀ka ààbò wọn. RTSSS kò kàn wọ́n, nítorí ọkọ̀ wọn kò pé márùn-ún. Ẹni tó ní mẹ́jọ pàápàá lè pín in sórúkọ ìyàwó àtọmọ, kó sì bọ́ lọ́wọ́ òfin.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò dúró kí ọkọ̀ pọ̀. Láti ìgbà òfin ìrìnnà ọdún 1968 ni ẹni tó bá ń fi lọ́rì kan ṣoṣo tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ ṣòwò ti gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olówó ọkọ̀, yàtọ̀ sí ti awakọ̀. Iye ọkọ̀ tó lè ní wà nínú ìwé náà. Bí ó bá ń fi ọkọ̀ jákujàku ṣiṣẹ́, kọmíṣọ́nà ìrìnnà lè pè é wá rojọ́, kó sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. A lè ní kí tiwa náà di ọkọ̀ kan. Àmọ́ àjọ tí kò tíì rí gbogbo àwọn ọlọ́kọ̀ márùn-ún kó jọ, báwo ni yóò ṣe máa tọ olówó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn dé ilé rẹ̀ ní Ìdóàní tàbí Ùtè?

Ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù ni mo rò pé ó yẹ ká gbé ẹ̀ṣọ́ lọ. Ẹ̀kọ́ tí díípò kọ́ wa nìyẹn: ọkọ̀ kan ni o ní àbí igba, bí wọn kò bá fún ọ ní epo, o kò ní nǹkan tí o máa gbé jáde. Ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà lè ṣe é. Ti gẹdú tiẹ̀ rọrùn jù, torí òṣìṣẹ́ ìjọba ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igi kan kò gbọdọ̀ kúrò nínú igbó láì jẹ́ pé àwọn onígbó ìjọba fi òòlù òǹtẹ̀ lù ú, kí owó ìjọba má baà sọnù. Ẹni tó ń ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan yìí kì í wo ṣéènì tí wọ́n fi dè é, kì í wo táyà tó ti dán bí orí apárí, kò sì béèrè láísẹ́ǹsì awakọ̀.

Àwọn onígẹdú yóò ní ìdádúró ni, wọn yóò sì ní owó ẹ̀yìn mìíràn ni a fẹ́ dá sílẹ̀. Ìbẹ̀rù kejì yẹn kì í ṣe àsọdùn. Òṣìṣẹ́ onígbó kì í ṣe mẹkáníìkì, kò lè mọ inú bíréèkì. Ṣéènì, táyà, iná ẹ̀yìn àti gíga ẹrù, ojú lásán tó wọn. Ẹ̀ka FRSC wà ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n lè kọ́ àwọn onígbó ní ohun tí wọ́n máa wò, kí wọ́n sì máa yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ iye igi sí ti wà. Ìlà mẹ́rin ni yóò fi gùn sí i.