Níbo La Ti Lè Ra Irinṣẹ́ Búrẹ́dì ní Ọ̀pọ̀?

 

Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2022, owó fúláwà fò sókè, torí àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó ń ta àlìkámà jù láyé. Èrè orí búrẹ́dì kan kò tó nǹkan. Ẹni tó bá wá fi owó gegere ra irinṣẹ́, ó máa pẹ́ kí owó rẹ̀ tó padà wálé. Ìdí nìyí tá a fi kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ máa yan búrẹ́dì tà.

Ojú Táíwò tiwa yìí, láti Òkè dé Ìsàlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù pọ̀, ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù wà lórí ọjà. Ẹ béèrè níbẹ̀, kẹ́ ẹ tún rìn dé Ọjà Ọba àti Ìpàta kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Páànù búrẹ́dì: ẹ má wulẹ̀ wá ti òyìnbó. Ẹ lọ bá àwọn tó ń rọ páànù, kẹ́ ẹ mú ọ̀kan dání fún àpẹẹrẹ, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, ọ̀kan á ti jóná kí èkejì tó jinná. Ẹ má gba páànù ìbolé o, síńkì ara rẹ̀ kò dára fún oúnjẹ. Ẹ fi òróró pa tuntun, kẹ́ ẹ gbé e sínú ààrò lófìfo lẹ́ẹ̀kan, búrẹ́dì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Òṣùwọ̀n: ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Omi lítà kan, kílò kan ni. Ẹ gbé ike òfìfo lé e, ẹ wo iye tó kà, kẹ́ ẹ da omi lítà kan sí i. Bí kò bá fi kílò kan lé, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ìpo: ẹ má tíì rà á. Ọwọ́ àti tábìlì tó mọ́ lè po kílò 5.

Fúláwà: àpò kan jẹ́ kílò 50. Kóńgò sábà máa ń wọ́n ju àpò lọ. Bí èèyàn 5 bá dáwó ra àpò kan, kílò 10 ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹ wo okùn ẹnu àpò, bóyá wọ́n ti tú u tún un rán.

Yíìsì: ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ṣúgà. Bí ìṣẹ́jú 10 bá kọjá tí kò hó, ó ti kú nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra gidi fún bromate. Ó ń mú búrẹ́dì wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé ti kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. NAFDAC sì ti fòfin dè é. Àwọn ọmọ wa ló ń jẹ búrẹ́dì yìí jù. Ẹni tó bá fi lọ̀ yín ní ọ̀pọ̀, ẹ sá fún un.

Ẹni tó bá mọ ibi tó dínwó ju èyí lọ, kó wá wí i ní ìpàdé, kí gbogbo wa lè jàǹfààní.