Bí Mùdùnmúdùn Ẹlòmíràn Bá Wọ Ara Ẹni

Òǹkàwé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó bi mí pé, bí wọ́n bá ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe SS mọ́, oògùn kí ni ó tún ń lò? Ìbéèrè náà tọ́, nítorí iṣẹ́ yìí ti dé ilẹ̀ wa. Ní 2011 ni Dókítà Bazuaye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é fún ọmọdé kan ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Benin. Ní 2025, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti Sickle Cell Foundation Nigeria kéde pé àwọn náà ti ṣe é fún ènìyàn méjì.

Inú mùdùnmúdùn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, àti èyí tí ó pupa, àti èyí tí ó funfun, tí í ṣe ọmọ-ogun ara. Nítorí náà, ẹni tí ó fún ni ní mùdùnmúdùn fi ọmọ-ogun tirẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé bí ìṣó bá gún ọmọ lẹ́sẹ̀, kókó a máa yọ ní ojú itan rẹ̀. Irú kókó bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn, lábẹ́ abíyá àti nínú ikùn. Bí àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n rí. Ibẹ̀ ni a ti ń fi àwòrán olè han àwọn ọmọ-ogun. Èyí tí ó bá dá a mọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, títí wọn yóò fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí wọ́n tó jáde lọ jà.

Wàyí o, ọmọ-ogun àlejò dé inú kókó. Àwòrán onílé gan-an ni ó rí, ó sì ní òun kò mọ̀ ọ́n rí! Bí irú wọn bá pọ̀ níbẹ̀, awọ ara, ìfun àti ẹ̀dọ̀ onílé ni wọn yóò lọ bá jà. Ara a sú, ìgbẹ́ gbuuru a dé, ojú a pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń wá ọmọ ìyá àti bàbá kan náà tí ara rẹ̀ bá ti aláìsàn mu (ìrètí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin), tí ó sì ń fúnni ní oògùn tí ń di ọmọ-ogun lọ́wọ́. Ẹ má dá oògùn náà dúró nítorí pé ara ti dá, àfi bí dókítà bá ní ó tó.

Ṣùgbọ́n ọmọ-ogun tí a dì lọ́wọ́ kò lè lé olè pẹ̀lú. Àwọn tí ń gbé kòkòrò mì a máa padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú kókó lè gbà ju ọdún kan lọ. Ọlọ inú ẹni SS sì ti sábà kú láti kékeré. Nítorí náà, eruku ilé-ìlagi kò yẹ ọmọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni gàrí tí a fi omi tí a kò sè rẹ. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ẹni tí ń gbé létí ọ̀sà ní Ògùn Waterside, n óò gbà á nímọ̀ràn pé kí ó wá ilé sí itòsí ilé-ìwòsàn fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó kéré tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń fẹ́ra sọ́nà ní Yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ẹ gbọ́ o: ẹni SS tí ara rẹ̀ dá báyìí yóò ṣì fi S fún gbogbo ọmọ tí ó bá bí. Ẹ̀jẹ̀ ni a pààrọ̀, a kò pààrọ̀ irú-ọmọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọmọ ti gbà láti ìkókó, kí a kà á sí ohun tí ara rẹ̀ ti gbàgbé. A óò tún bẹ̀rẹ̀ wọn láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ṣùgbọ́n ti eéyi àti ti ibà pọ́njú, tí kòkòrò inú wọn wà láàyè, kò gbọdọ̀ ṣáájú ọdún méjì. Ẹ ní kí dókítà kọ ọjọ́ wọn sínú káàdì, kí ẹ sì fi í han nọ́ọ̀sì kí ó tó fa abẹ́rẹ́ jáde.