Ọyàn Tó Wú Lára Ọkùnrin: Ẹ Kọ́kọ́ Rí Dókítà Kí Ẹ Tó Ronú Iṣẹ́ Abẹ



Ọmọkùnrin tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kékeré lè ṣàdédé kọ̀ láti bọ́ ẹ̀wù mọ́, kódà bí wọ́n bá ń fa àwọ̀n. Ọyàn rẹ̀ ló ń wú, ojú sì ń tì í. Bí òbí bá gbọ́ pé ilé ìwòsàn aládàáni kan nílùú ńlá ń gé e, wọ́n lè fẹ́ wá owó kí wọ́n sì lọ tààrà. Ṣé ó yẹ kí a kọ́kọ́ rí dókítà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀bẹ lè gé ọyàn kúrò, ṣùgbọ́n kò lè gé ohun tó mú un wú.

Kí ló ń fà á?

Ara ọkùnrin ní họ́mónù ọkùnrin púpọ̀ àti ti obìnrin díẹ̀. Bí ìwọ̀n wọn bá yí padà, ọyàn lè wú. Èyí wọ́pọ̀ fún ọmọ tó ń bàlágà, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí ọdún 2 lára ọ̀pọ̀ wọn. Sùúrù ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò, kì í ṣe abẹ.

Fún àgbàlagbà, oògùn lè fà á: spironolactone tí a ń lò fún àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, cimetidine fún ọgbẹ́ inú, efavirenz fún kòkòrò HIV, àti oògùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò kí iṣan wọn lè tóbi. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Dókítà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀, àìsàn kíndìnrín àti kókó inú kóró ẹpọ̀n náà lè fà á. Nígbà mìíràn, ọ̀rá lásán ni.

Kí ni dókítà yóò ṣe?

Yóò béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò. Yóò yẹ ọyàn àti kóró ẹpọ̀n wò, ó sì lè ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má tijú: ẹ̀sìn wa gba dókítà láàyè láti wo ìhòòhò bí ìtọ́jú bá béèrè fún un.

Ẹ má fi falẹ̀ bí kókó líle bá wà nínú ọyàn kan, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lórí ọyàn, tàbí bí kókó bá wà lábíyá. Jẹjẹrẹ ọyàn ń ṣe ọkùnrin náà, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀.

Bí iṣẹ́ abẹ bá wá di dandan

Kì í ṣe ohun tuntun. Az-Zahrāwī, oníṣẹ́ abẹ Mùsùlùmí ìlú Kọ́dóbà, ti kọ nípa rẹ̀ ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ya ìtọ́jú àléébù sọ́tọ̀ kúrò lára yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà nítorí fáàrí; ẹ bi ààfáà yín léèrè.

Ẹ béèrè bóyá orúkọ dókítà náà wà nínú ìwé Medical and Dental Council of Nigeria, àti ta ni yóò fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oorun. Ẹ tún béèrè ibi tí ẹ ó sá lọ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lóru. Ẹni tó ń gbé Awóyè tàbí Ayétòrò kò gbọdọ̀ sáré wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé lọ́jọ́ kejì. Ẹ dúró nítòsí ilé ìwòsàn títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda yín. Ẹ má wọ odò tàbí òkun títí ojú ọgbẹ́ yóò fi jiná. Bí omi bá lè pa ọgbẹ́ lára, tàyámọ́mù wà fún ìrọ̀rùn wa.

Ànábì (S.A.W.) pàṣẹ pé kí a wá ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Igbókòdá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.