Ẹni Tí Mo Jẹ́ Kí N Tó Wáyé

Ní Kúta, bí bàbá àgbà kan bá kú, tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì bí ọkùnrin kí ọdún tó yípo, kò sẹ́ni tó ń wá orúkọ kiri. Bàbátúndé ti délé. Àlùfáà lè pe ọmọ náà ní Abdul-Rahman lọ́jọ́ kẹjọ, torí ilé mùsùlùmí pọ̀ lágbègbè Ìwó tí ìlú wa wà. Pásítọ̀ sì lè pè é ní Samuel. Bàbátúndé yóò ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà tí ọkọ rẹ̀ kú á tẹ́ ọmọ náà sórí itan, á wo etí rẹ̀, á wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, á ní, "Ọkọ mi, ẹ ti dé?" Bí ọmọ bá fajú ro, wọ́n á ní bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Àwọn ọmọ olóògbé tí wọ́n ti ń hewú á máa pè é ní "bàbá mi". Bí ẹnì kan bá sì na án, ẹlòmíì lè figbe bọnu láti ẹ̀yìnkùlé: ṣé bàbá wa lẹ ń nà yẹn?

Láyé àtijọ́, wọn kì í wò ó lójú lásán. Wọ́n á gbé ọmọ tuntun tọ babaláwo lọ fún àkọsẹ̀jayé, kí Ifá sọ ìdílé tó ti wá àti ẹni tó padà wá. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi ọmọ léèrè ohunkóhun. A ò retí pé kó rántí oko tó ro tàbí ìyàwó tó fẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ wáyé. Ẹbí ló ń rántí, ẹbí náà ló ń jẹ́rìí.

Nílùú òyìnbó, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí òun jẹ́ kí òun tó wáyé á lọ bá àjèjì, á sanwó, á dùbúlẹ̀, á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Hypnosis ni wọ́n ń lò. Kì í ṣe oorun, kì í sì í ṣe oògùn. Ẹni tó ń ṣe é á fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀: kí o mí sínú, kí o mí síta, kí ara rẹ dẹ̀, kí o máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan bí òun ṣe ń ka iye. Àwọn dókítà kan ń lò ó láti fi dín ìrora aláìsàn kù, ìyẹn sì wúlò. Lílò ó láti fi wá ayé tí èèyàn ti gbé tẹ́lẹ̀ ló yàtọ̀. Oníṣòwò kan ní Pueblo, ìpínlẹ̀ Colorado, Morey Bernstein, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní 1952 ó ṣe é fún obìnrin kan, Virginia Tighe, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ará Ireland. Ó ní Bridey Murphy lorúkọ òun, pé ìlú Cork ni wọ́n ti bí òun ní 1798, òun sì kú ní Belfast ní 1864. Ìwé tí Bernstein kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1956, ó sì tà gan-an. Àwọn oníròyìn wá Bridey dé Ireland, wọn ò rí ìwé ìbí, wọn ò rí ìwé ikú. Ní Chicago, níbi tí Tighe gbé dàgbà, ni wọ́n ti rí obìnrin ará Ireland kan tó ti gbé ní òdìkejì títì ilé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Bridie Murphy Corkell lorúkọ rẹ̀.

Mo mọ ìtàn yìí kí n tó gbà kí wọ́n ṣe é fún mi. N kò gbà á gbọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣe é, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tó kọ́ iṣẹ́ náà ní London. Ó ní kò séwu, kí n ṣáà fara balẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, mo ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Kí lẹ wọ̀?"

N kò wọ nǹkan kan. Ilẹ̀ pupa ni mo tẹ̀. Ó ní kí n gbójú sókè. Odi amọ̀ ló wà níwájú mi, ó ga, apá kan rẹ̀ ti ya lulẹ̀, èéfín sì ń rú lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń gbọ́ igbe àwọn obìnrin. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni mí, ẹnu mi dáhùn kí n tó ronú: méjìlá. Ó ní ta ló wà lórí oyè. N kò mọ̀. Ó ní kí lorúkọ mi. N kò mọ̀. Omijé ti ń dà lójú mi nígbà yẹn, n kò sì díbọ́n. Bí ìgbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ mí ló rí.

Ẹni tó bá mọ Kúta á ti mọ ibi tí mo lọ. Ọmọ Òwu ni wá, Olówu là ń pe ọba wa, ogun tó sì fọ́ Òwu ní àwọn ọdún 1820, nígbà tí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú dó tì í, wà lára ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. A gbọ́ nípa Ànlúgbùà, akọni tó wọlẹ̀, tó ní kí àwọn èèyàn òun ké sí òun bí ogun bá dé. Nígbà tí mo dàgbà, mo ka Women of Owu, eré tí Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sunkún ìlú tó ti pa run. Odi, èéfín, igbe: kò sí ọ̀kan tí n kò ti gbọ́ tàbí kà. Ohun tí n kò gbọ́ rí ni n kò rí dáhùn.

Ní 1982, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Kentucky, Robert Baker, kó ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti ṣe hypnosis fún wọn, ó pín wọn sọ́nà mẹ́ta, ogún-ogún. Ó sọ fún àwọn àkọ́kọ́ pé ohun àgbàyanu ni wọ́n fẹ́ rí. Kò sọ bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ fún àwọn kejì. Ó jẹ́ kí àwọn kẹta gbọ́ pé ìranù ni. Nínú àwọn àkọ́kọ́, 17 rí ayé tí wọ́n ti gbé tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn kejì, 12. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé ìranù ni, 2 péré. Ṣáájú ìdánwò náà nìkan ni Baker bá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kúta ti ń bá mi sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti ń rákò. Àìgbàgbọ́ tí mo mú lọ kò lè di ìtàn náà lọ́nà.

Òṣùwọ̀n kan náà ló yẹ kí n fi wọn tilé. Àwa náà ti mú orúkọ sílẹ̀ de ọmọ kí wọ́n tó bí i, ẹni tó bá sì ń wá etí bàbá rẹ̀ lára ọmọ-ọmọ á rí i, torí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Bọ́lájí Ìdòwú kọ ọ́ sínú Olódùmarè, ìwé rẹ̀ ti 1962, pé Yorùbá gbà pé olóògbé kan lè padà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọmọ púpọ̀, kó sì tún wà lọ́run tí wọ́n á máa ké pè é. Bẹ́ẹ̀ ni: Bàbátúndé mẹ́ta lè wà nínú agboolé kan, wọ́n á sì tún lọ síbi orórì bàbá lọ bá a sọ̀rọ̀. Ti hypnosis kò lè gba irú èyí, torí níbẹ̀, ẹ̀mí kan ṣoṣo ló ń ṣí láti ara kan sí òmíràn. N kò lè fi ìdí tiwa náà múlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó ń ṣe: ó ń gbé ẹrù lé ẹbí lórí. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní bàbá, wọ́n á rán an níléèwé, wọn ò sì ní jẹ́ kébi pa á níṣojú ìyá àgbà tó ń pè é ní ọkọ òun.

Ibi tí tiwa ti burú ni ọ̀rọ̀ àbíkú, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n fabẹ kọ òkú ọmọ lára, wọ́n gé e níka, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà. Wọ́n ń bá ọmọ jà nígbà tó jẹ́ pé àrùn bíi fòní-kú-fọ̀la-dìde ló ń pa á. Ní 2001, Esther Nzewi gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tí àwọn Igbo ń pè ní ogbanje, tó sún mọ́ àbíkú tiwa: nínú 100 ọmọ tí ìṣe wọn bá àpèjúwe náà mu, 70 ló jẹ́ SS, ìyẹn ni pé wọ́n ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ní nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Ìdí rèé tí ẹ̀rù fi ń bà mí bí àwọn tó ń fi hypnosis ṣòwò bá ń sọ fún aláìsàn pé ayé tó ti gbé tẹ́lẹ̀ ló ń bá a jà. Lọ́dọ̀ wa, etí ti là sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi yẹn fẹ́ ká tún padà síbi odi yẹn. Ó ní bí a bá tún un ṣe, orúkọ tí mo ń jẹ́ nígbà náà lè jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó má ṣèyọnu. Orúkọ tí mo bá mú bọ̀, bí kò bá jẹ́ èyí tí mo ti gbọ́ ní Kúta, kò sí àgbà kan tó kù láyé tó lè jẹ́rìí sí i.