Ọ̀rá Iwájú Orí Tó Ń Darí Ìró

Bí a bá fẹ́ pe ẹni tó wà lókèèrè, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì la fi ń ká ẹnu kí ohùn má baà fọ́n káàkiri. Dọ́fíìnì kò lọ́wọ́ tó lè fi ká ẹnu, kì í tilẹ̀ fi ẹnu ta ìró tó fi ń wá ẹja. Síbẹ̀, ìró náà ń lọ gbọnrangandan bí iná tọ́ọ̀ṣì.

Ara àwọn àbùùbùtán eléyín ni dọ́fíìnì wà. Nínú omi tó rú tàbí tó ṣókùnkùn, ojú kò ríran jìnnà, torí náà wọ́n ń ta ìró kúkúrú léraléra, wọ́n á sì máa retí gbohùngbohùn tó bá ta padà lára ẹja. Abẹ́ ihò imú tó wà lókè orí ni ìró ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun kan bí ètè wà nínú ọ̀nà èémí níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gba àárín rẹ̀ kọjá, ètè náà á pàdé pọ̀, á sì dún. Afẹ́fẹ́ náà kì í ṣòfò: inú àpò tó wà nínú orí ló ń wọ̀, wọ́n á sì tún un lò.

Agbárí tó tẹ̀ kòtò bí àwo wà lẹ́yìn ètè yìí, òun àti àwọn àpò afẹ́fẹ́ ló ń ti ìró síwájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rá iwájú orí ló yà mí lẹ́nu jù. Ní àárín ọ̀rá náà, ìró ń falẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́, ó ń yára. Kí ni èyí ń ṣe? Ẹ wo àwọn ọmọ iléèwé tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń yan lọ ní pápá, tí àwọn àárín ti ṣáájú. Bí àwọn àárín bá kó sí ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á falẹ̀, àwọn ẹ̀gbẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ á lé wọn bá, ìlà á sì tọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìró tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún sósì ṣe ń kọjú síwájú.

Ìró tó ń dún tín-ín-rín ló rọrùn láti kó jọ báyìí. Etí wa kì í gbọ́ ju ìgbì 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti dọ́fíìnì lè kọjá 100,000. Ní Hawaii, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Whitlow Au wọn ìró irú dọ́fíìnì tí wọ́n sábà ń kọ́ ní eré, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dígírì 10. Bí gbohùngbohùn bá padà, ọ̀rá inú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló ń gbé e lọ sí etí inú.

Àǹfààní ìró tóóró ní àbùkù tirẹ̀: bí ẹja bá ti sún mọ́ tòsí, ìfò ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015, tí wọ́n ṣe ní Denmark lára porpoise, ìbátan dọ́fíìnì, fi hàn pé ẹranko náà máa ń mú ìró rẹ̀ fẹ̀ sí i nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbé ẹja mì.

Nínú àwọn àbùùbùtán eléyín, ìró ti sperm whale ló wá lágbára jù. Imú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́ta gígùn ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ìró rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ, gba inú àgbá òróró ńlá kan, á lu àpò afẹ́fẹ́ níwájú agbárí, kó tó gba inú ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀ padà síwájú. Òróró òkè yẹn ni àwọn ọdẹ àbùùbùtán ayé àtijọ́ ń wá kiri. Ọ̀rá ìsàlẹ̀, tó ń to ìró náà kó tó jáde, ni wọ́n sọ ní junk, ìyẹn pàǹtí.