Ìdí Tí A Fi Ń Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi Ká Tó Rí Òkun ní Àgbádárìgì

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lọ gbatẹ́gùn ní Eastbourne, ìlú kan létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa ní Ìkòtún, l'Ékòó níbí. Ògiri òkúta funfun gbàràmù kan ló dúró létí òkun, òun fúnra rẹ̀ wá rí bí èèrà nísàlẹ̀ rẹ̀. Màmá wa gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló kó gbogbo ẹfun yìí jọ?" Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n tún béèrè ọ̀kan sí i: "Tiwa ní Àgbádárìgì ńkọ́? Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn á sì tún wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó rí òkun. Kí ló fà á?"

Ìdáhùn kan náà ni ìbéèrè méjèèjì ní. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí etí òkun jẹ́, bóyá òkúta ni tàbí iyanrìn. Ìyẹn ni yóò sọ bí ibẹ̀ ṣe máa rí, bí a ṣe ń débẹ̀, àti ohun tó yẹ kí àlejò bẹ̀rù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹfun bẹ̀rẹ̀. Ẹfun tí àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ń tà lọ́jà sábà máa ń jẹ́ amọ̀ funfun. Ti Eastbourne kì í ṣe amọ̀ rárá. Ìkarahun ni. Àwọn ẹ̀dá omi kan wà tí wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Bí wọ́n ṣe ń kú ni ìkarahun wọn ń rọ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun bí eruku ọyẹ́ ṣe ń bà sórí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 100 sẹ́yìn, ó ń bá a lọ títí di nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Eruku yẹn di òkúta, ilẹ̀ sì gbé e jáde kúrò nínú omi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ àárín amọ̀ àti ìkarahun lè dán an wò nílé: ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí èèpo ẹyin tàbí ìkarahun ìgbín tí ẹ gún, yóò máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òkúta Eastbourne yóò hó bẹ́ẹ̀ náà. Ẹfun tó jẹ́ amọ̀ kò ní hó.

Àwa náà ní òkúta ìkarahun. Òkúta ẹfun là ń pè é, ó sì wà ní Ewékorò, ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, lẹ́yìn Ìfọ̀ àti Pápálántò. Láti 1960 ni wọ́n ti ń fi òkúta ibẹ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó lé ní mílíọ̀nù ọdún 55 tí òkúta náà ti wà níbẹ̀, ìkarahun inú rẹ̀ sì fi hàn pé òkun ti bo Ewékorò rí. Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta náà ni ògiri funfun tó sún mọ́ Ìkòtún jù lọ. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ lára rẹ̀ wà nínú búlọ́ọ̀kù ilé tí ẹ ti ń ka ìwé yìí.

Kí ló dé tí kò fi yọ sí wa létí òkun? Ìdí ni pé ńṣe ni ilẹ̀ wa dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìhà gúúsù. Ẹ fojú inú wo ẹní mẹ́ta tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn, tí gbogbo wọn tẹ̀ sílẹ̀ síhà òkun. Òkúta líle bíi ti Olúmọ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì yọrí ní Abẹ́òkúta. Òkúta ẹfun tẹ̀ lé e, ó yọrí ní Ewékorò, lẹ́yìn náà ó rì wọlẹ̀. Nígbà tí a bá fi máa dé Ìkòtún, ó ti jìn sísàlẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó ń ta sí wa láṣọ lójú ọ̀nà Ìgándò ló bò ó mọ́lẹ̀. Tí a bá wá dé Àgbádárìgì, iyanrìn tí òkun kó wá ló wà lókè.

Ní Eastbourne, ẹsẹ̀ ògiri ni òkun ń gbá. Ìgbì á máa họ ìsàlẹ̀ títí tí yóò fi jìn wọnú, òkè á wá dá dúró láìsí ohun tó gbé e, títí yóò fi ya lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ògiri yẹn fi máa ń funfun báláú: tuntun ló ń yọ jáde nígbà gbogbo. Beachy Head, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà, ga tó mítà 162. Mítà 105 péré ni Kòkó Háòsì Ìbàdàn. Ilé iná àtijọ́ kan, irú èyí tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, wà lórí òkè yẹn tí wọ́n ń pè ní Belle Tout. Nígbà tí bèbè ń ya bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ńṣe ni wọ́n gbé odindi ilé náà sún sẹ́yìn mítà 17 lọ́dún 1999. Wọn ò wó o o, wọ́n tì í ni. Ẹfun tó ń ya sínú omi á yòrò, àwọn òkúta líle kéékèèké inú rẹ̀ á ṣẹ́ kù, àwọn náà ló wá tẹ́ sí etí òkun ibẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ẹsẹ̀ òun bó nígbà tóun bọ́ bàtà. Ìyẹn nìkan ló ráhùn lé lórí, àfi òtútù omi.

Tiwa ni mo fẹ́ dúró lé lórí dáadáa, torí òun ni ará Ìkòtún lè lọ wò láàárọ̀ kó sì padà sùn sílé.

Iyanrìn kì í dúró bí ògiri. Ẹ kó o jọ, yóò tú. Ìgbì òkun wa máa ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kì í sì í gbá etíkun ní ọ̀kánkán, ńṣe ló ń gbá a ní ìdábùú. Tó bá gòkè, ó gbé iyanrìn gba ìdábùú. Tó bá ń padà, ó já tààrà sínú omi. Nítorí náà, gbogbo ìgbì ló ń sún iyanrìn díẹ̀ síhà ìlà-oòrùn. Láti ọ̀dọ̀ Gáná, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni iyanrìn yẹn ti ń rìn bọ̀ wá sí Èkó, lóru àti lọ́sàn-án. Òkìtì òkúta tí ìjọba amúnisìn kó sẹ́nu òkun Èkó láàárín 1908 sí 1912, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé, dí i lọ́nà. Iyanrìn ń jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn òkúta náà. Apá kejì, ìyẹn Victoria Island, ni ebi iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Gbogbo omi tó ń ya wọ Bar Beach láyé ọjọ́sí, ibẹ̀ ni ẹjọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí omi òkun dé ìwọ̀n tó wà lónìí, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, iyanrìn tó ń rìn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jọ sójú kan. Ó di ilẹ̀ tóóró gígùn tó nà létí òkun bí ìgbànú. Àwọn odò tó ń ti òkè bọ̀ kò rọ́nà lọ mọ́, wọ́n wá tẹ́ sẹ́yìn ìgbànú náà. Ọ̀sà nìyẹn. Ìlú Àgbádárìgì wà lápá àríwá ọ̀sà. Òkun wà lápá gúúsù ilẹ̀ tóóró náà, tí wọ́n ń pè ní Gbẹrẹfú. Màmá wa, ìdáhùn yín rèé: omi tí ẹ kọ́kọ́ rí ní Màrínà Àgbádárìgì kì í ṣe òkun, ọ̀sà ni. Ẹ gbọ́dọ̀ rékọjá rẹ̀, kí ẹ sì la ìgbànú iyanrìn kọjá, kí ẹ tó gbọ́ ariwo òkun gan-an.

Ìgbànú yìí náà ló pèsè ọ̀nà fún òwò ẹrú burúkú tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá àwọn òyìnbó kò lè wọ inú ọ̀sà, ojú òkun ni wọ́n máa ń dúró sí. Wọ́n á fi ọkọ̀ kékeré kó àwọn ẹrú kọjá ọ̀sà, wọ́n á mú wọn rìn la Gbẹrẹfú já, kí wọ́n tó tún fi ọkọ̀ kékeré gbé wọn la ìgbì lọ bá ọkọ̀ ńlá. Ọ̀nà tí àlejò ń tọ̀ lónìí nìyẹn, títí dé ibi tí wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà ìrántí sí létí òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ á gbàgbé ilé. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń ya àlejò lẹ́nu ni pé kànga lè ní omi dídùn láàárín ọ̀sà àti òkun. Òjò ló fà á. Omi òjò máa ń jò wọ inú iyanrìn, ó sì fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, ó wá léfòó lé e lórí nísàlẹ̀ ilẹ̀ bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Tí wọ́n bá gbẹ́ kànga náà jìn jù, tàbí tí wọ́n bá fà á láfàjù, omi iyọ̀ á gòkè wá.

Ọ̀nà wá ńkọ́? Láti ibi ọ̀bìrìkítí Ìkòtún, ẹ wọ dáńfó tó ń pe Ìyànà-Ìbà. Yóò gba Ìgándò kọjá, kó tó gba ẹ̀gbẹ́ Yunifásítì LASU. Ní Ìyànà-Ìbà ni ẹ óò ti bọ́ sí títì Èkó sí Àgbádárìgì, ẹ ó wá mú ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ tààrà. Ẹ tètè jáde nílé. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìyànà-Ìbà lè gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sùn gbàgbé, ti Agbárá sì ń dúró de ẹni tó bá bọ́ nínú èyí. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, torí ojú ọ̀nà bodè Sẹ̀mẹ̀ ni, àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó bá gba bọ́ọ̀sì ńlá sábà máa ń kọjá lọ sí etí òkun Suntan, torí mọ́tò ń débẹ̀. Wọ́n gbádùn ara wọn, ṣùgbọ́n wọn ò rí ọ̀sà rékọjá, mo sì ka ìyẹn sí àdánù.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ kọ́kọ́ rìn yí Màrínà ká. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀, 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Ní 1842 yẹn náà ni wọ́n wàásù ìhìn rere lábẹ́ igi Àgíà, igi tó padà ṣubú ní 1959. Àwọn Ògù tí a ń pè ní Ẹ̀gùn ló ni ìlú. Wọ́n gbọ́ Yorùbá ju bí ẹ ṣe gbọ́ Ògù lọ, nítorí náà ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ wọn níṣojú wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀, ẹ gba jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú èèyàn léfòó, kí ẹ sì so okùn rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ dúró de ọkọ̀ tó ní in. Láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta ni òkun máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Láàárín òjò, láti Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án, ìgbì ga.

Ọ̀rọ̀ lúwẹ̀ẹ́ ló kù. Ní Eastbourne, bèbè ni ẹ̀rù: ẹni tó dúró sórí rẹ̀ kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ibi tóun tẹ̀ ti ṣófo, ẹni tó sì jókòó sídìí ògiri kò mọ ìgbà tí òkúta máa já. Tiwa, abẹ́ omi ni ewu wà. Iyanrìn wa já wọnú òkun lójijì: ìgbésẹ̀ márùn-ún, omi ti dé àyà. Omi tí ìgbì gbé wá sí èbúté gbọ́dọ̀ padà, kì í sì í gba ibi gbogbo padà. Ó máa ń wá ibi tí iyanrìn ìsàlẹ̀ ti jìn, ó wá gba ibẹ̀ ya padà sójú òkun bí odò tó ń sáré. Ojú ibẹ̀ kì í hó bí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí náà àwọn ọmọ máa ń rò pé ibẹ̀ ló rọrùn láti wẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ń gbé èèyàn lọ. Bí ó bá gbé yín, ẹ má bá a jà, ẹ má sì dojú kọ èbúté. Ẹ wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí ẹ ó fi kúrò lójú ìṣàn náà, kí ẹ tó yí padà wálé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, tó sì jẹ́ pé àwa la pọ̀ jù ní Ìkòtún, kó jẹ́ kí omi mọ sí kókósẹ̀.

Ẹ béèrè ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa kúrò ní Gbẹrẹfú kí ẹ tó jókòó ti alágbọn. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni.