Kọ́ìlì Mọ́tò Nínú Ọkọ̀ Òfuurufú

Bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, ìyà rẹ̀ kò ju pé kí awakọ̀ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí èrò bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ráhùn títí mẹkáníìkì yóò fi dé. Ṣùgbọ́n òkè kò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó bá yọ nǹkan lára mọ́tò tí ó sì fi í sínú ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ ro ohun tí onímọ́tò kì í rò.

Ẹ má ṣe pè mí ní aláròsọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin gba ẹnikẹ́ni láyè láti kan ọkọ̀ òfuurufú tirẹ̀ ní ilé, bí ó bá ti jẹ́ pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe èyí tí ó ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ, fún ẹ̀kọ́ tàbí fún ìgbádùn. Wọn yóò kọ “EXPERIMENTAL” sí i lára, kí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ lè mọ ohun tí ó ń wọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a dìídì ṣe fún ọkọ̀ òfuurufú wọ́n gidigidi. Nítorí náà àwọn kan a máa wá ẹ́ńjìnnì mọ́tò Mazda RX-8, tí wọ́n ṣe ní Japan láti 2003 títí di 2012.

Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní písítìnnì rárá. Felix Wankel, ọmọ Jámánì, ni ó ronú irú rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ sì ṣiṣẹ́ ní 1957. Irin onígun mẹ́ta ni ó ń yí nínú rẹ̀. (Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun 1914, tí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì ń yí pọ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ iwájú.) Ti RX-8 ní irin méjì bẹ́ẹ̀, púlọ́ọ̀gì méjì-méjì sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kọ́ìlì mẹ́rin.

Wáyà méjì ni a wé mọ́ irin nínú kọ́ìlì: ọ̀kan nípọn, kò sì gùn, èkejì tín-ín-rín, ó sì gùn gbọọrọ. Iná bátìrì, fọ́ltì 12 péré, a wọ inú èyí tí ó nípọn, agbára a sì máa kún díẹ̀díẹ̀ bí omi ti ń kún ìkòkò. Bí a bá já iná náà lójijì, wáyà tín-ín-rín yóò tú agbára tí ó lé ní fọ́ltì 20,000 sílẹ̀. Òun ni ó ń fò ní ẹnu púlọ́ọ̀gì tí epo fi ń gbiná.

Níhìn-ín gan-an ni wàhálà wà. Nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò wa, púlọ́ọ̀gì kan ń ta iná lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Nínú ti Wankel, irin náà ní ojú mẹ́ta, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì sì ń yí lẹ́ẹ̀mẹta kí irin náà tó yí lẹ́ẹ̀kan; nítorí náà gbogbo ìyípo ọ̀pá ni ó ní iná tirẹ̀. Mo kọ ìṣirò rẹ̀ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí ọ̀pá bá yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́ìlì mọ́tò yóò ta iná ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Wankel yóò ta á ní ìgbà 100. Bí kíkún rẹ̀ bá gba ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ti mọ́tò ní ìdá 15 láti fi sinmi, ti Wankel kò ní ju 5 lọ. Ọmọkùnrin kan bi mí láti ẹ̀yìn pé, “Tíṣà, ìgbà wo ni yóò wá tutù?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Mọ́tò kì í pẹ́ lórí irú eré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í dẹwọ́ fún wákàtí méjì, mẹ́ta.

Kọ́ìlì ẹ́ńjìnnì V8 ti General Motors, èyí tí wọ́n ń pè ní LS, ni ọ̀pọ̀ wọn yàn. Ó ní tiransísítọ̀ tirẹ̀ nínú, tí ó fi jẹ́ pé àmì kékeré láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ti tó láti pàṣẹ fún un. Èyí tí ó ní irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lẹ́yìn, tí ooru ń gbà jáde, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n rírà nìkan kò tó. Wọ́n ní láti tún àkókò kíkún rẹ̀ tò: bí ó bá gùn jù, kọ́ìlì yóò jóná, bí ó bá kúrú jù, iná kò ní lágbára. Páìpù èéfín Wankel gbóná jọjọ, nítorí náà a kì í kan kọ́ìlì sí ìtòsí rẹ̀, a sì máa ń fa atẹ́gùn wá fẹ́ ẹ.

Èyí tí ó ń dẹ́rù bà mí jù ni ọ̀rọ̀ bátìrì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ ń lo magínẹ́tò méjì, tí ń dá iná tirẹ̀ láìsí bátìrì. Kọ́ìlì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí bátìrì bá kú, tí kò sí iná mìíràn tí ń wọlé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú pọ̀ ni. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń gbé bátìrì méjì, tí wọ́n sì ń fi fíúsì ọ̀tọ̀ sí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá sọ pé àṣejù ni, èmi kò gbà fún un.

Púlọ́ọ̀gì méjì tí ó wà fún irin kan kò dọ́gba. Bí èyí tí ń tẹ̀lé bá kú, agbára díẹ̀ ni yóò lọ. Bí èyí aṣáájú bá kú, ẹ́ńjìnnì yóò rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣì máa yí. Kí ọkọ̀ tó fò rárá, ẹni tí ó kàn án a so ó mọ́lẹ̀, a fún un ní epo dáadáa fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà a pa á, a sì fi ọwọ́ kan àwọn kọ́ìlì láti mọ bí wọ́n ti gbóná tó. Lẹ́yìn èyí, ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 40 ni yóò fò kí ó tó lè gbé èrò. Nígbàkigbà tí ó bá sì fẹ́ gbéra, yóò pa iná apá kan, yóò tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, yóò tan án padà, yóò sì pa ti apá kejì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí ju bí ó ti yẹ lọ, yóò pa á pátápátá, yóò sì ti ọkọ̀ náà padà sí ibi tí ó ti gbé e jáde.